Àwọn Tí Mùkáílà Jẹ Lówó Kí Ó Tó Lọ sí Mẹ́kà

Bí Mùkáílà ọkọ mi bá jẹ yín lówó, tí ẹ sì fẹ́ gbà á, ẹ wá mọ́tò tí họ́ọ̀nù rẹ̀ le. Dúródọlá tó ń ta sìmẹ́ńtì mọ àṣírí yìí. Á gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró síwájú ilé wa ní Ìmẹ̀kẹ̀, á tẹ họ́ọ̀nù mọ́lẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Kí àwọn ará ilé kejì tó yọjú tán lójú fèrèsé, ọkọ mi á ti jáde pẹ̀lú owó lábẹ́ agbádá, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń wí pé, "Ẹ kú ilé o, Bàbá Sàfì, ọ̀rọ̀ ọjọ́sí náà ni," ẹ wá ẹ̀pà dání kí ẹ máa jẹ ẹ́. Ẹ ó pẹ́ níbẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà ńlá tó gba Badagry lọ sí ẹnubodè, yanrìn ọ̀sà ni Mùkáílà ń tà fún àwọn tó ń ṣe é. Owó epo kún ìlú nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba owó àfikún Údójì, kò sí ẹni tí kò rò pé báyìí ni yóò máa rí lọ. Mùkáílà ra tẹlifíṣọ̀n, kò sí iná ní àdúgbò wa. Ó ra fíríìjì, ó ní iná ń bọ̀. Iná kò dé fún ọdún mẹ́rin. Bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ ni ó ń kó sínú fíríìjì náà, bí àlejò bá sì wà níjòókòó, á lọ ṣí i bí ẹni tó ń wá aṣọ, kí wọ́n lè rí i pé fíríìjì ni.

Ọ̀nà parí, yanrìn kò tà mọ́, owó epo rọlẹ̀, ìjọba ní kí ará ìlú máa ṣọ́ owó ná. Mùkáílà kò ṣọ́ nǹkan kan. Ó ń yá owó kí ó lè máa ṣe bí ẹni tí kì í yá owó. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Bí ọkọ mi bá ti bẹ́gi dí ọ̀nà kan, á wá òmíràn gbà lẹ́yìnkùlé. Ó yá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta aṣọ, ó yá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta táyà, ó yá lọ́wọ́ àna ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó yá lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó ti yá lọ́wọ́ èmi Tọ̀yìbátù tí ó fẹ́ sílé. Òróró àgbọn ni mo ń ṣe tà. Ẹni tí kò bá ṣe é rí, ojú lásán ni ó fi ń wò ó. A ó fọ́ àgbọn, a ó rin ín, a ó fún un, a ó gbé omi rẹ̀ kaná, a ó jókòó tì í títí òróró yóò fi ya sọ́tọ̀, èéfín á sì máa ta wá lójú ní gbogbo ìgbà náà. Inú èéfín yìí ni mo ti rí ẹgbẹ̀ta náírà tí mo fi èésú kó jọ. Mùkáílà wá bá mi ní ìdí ààrò lọ́jọ́ tí mo kó èésú náà, ó bá mi sọ ìkòkò kalẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí àwọn òbí mi ti fà mí lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Tọ̀yìbá mi, ọkọ̀ ojú omi tuntun kan wà tí mo fẹ́ fi máa kó yanrìn. Owó díẹ̀ ló kù. Oṣù mẹ́ta péré, n ó dá a padà." Mo yá a. Oṣù mẹ́ta di ọdún mẹ́ta, n kò rí ọkọ̀, n kò rí yanrìn. Agogo ọwọ́ aláwọ̀ wúrà kan ni mo rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Àwọn aládùúgbò rò pé orúkọ Ọlọ́run ni ó ń kà. Gbèsè ni ó ń tò. Mo máa ń gbọ́ ọ láti inú yàrá bí ó ti ń fa ilẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Dúródọlá ni ó ń ṣáájú, nítorí ìyẹn lè pariwo. Àwọn ọlọ́lá ìlú ni ó tẹ̀ lé e, nítorí wọ́n lè ṣàìpè é sí ìjókòó mọ́. Zinsu káfíńtà, ará Kankon, tó ṣe àga tí ó jókòó lé, ẹ̀yìn ni ó wà. Sewanu tó ń gbé ẹja fún wa láwìn wà lẹ́yìn Zinsu, nítorí pé opó ni, kò sì ní ẹnì kankan tí yóò bá a jà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ebi ń pa jù ni ó ń kẹ́yìn. Ó ní, "Ó ti mọ́ wọn lára láti máa dúró."

Èmi kò ní ilẹ̀kẹ̀ kankan níbẹ̀, yálà níwájú tàbí lẹ́yìn.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, Dosu, ọmọ ìlú wa kan tó kọ́lé sí Ìjànìkín, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣófo létí ọ̀nà, nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà. Mo lọ wò ó, mo sì fẹ́ ẹ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ aṣọ ọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ra òróró fi dín ẹyin, àwọn obìnrin wọn á rà á fi para. Orúnkún mi ti ń dùn mí, ojú mi ti pọ́n nínú èéfín, ó sì ti sú mi láti máa gbé igbá kiri láti ojúlé dé ojúlé. Mo fẹ́ jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó bá fẹ́ òróró wá bá mi. Dosu ní kí n mú ẹgbẹ̀ta náírà wá, òun ó jẹ́ kí n lò ó fún ọdún méjì. Ó ní, "Ìyá Sàfì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fún. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ń bọ̀ láti Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú owó rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá dé kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, ó di tiyín. Bí ẹ kò bá dé, ẹ má bínú sí mi."

Ọlọ́run kò sùn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ kan tó ti jẹ Mùkáílà lówó yanrìn ṣàdédé san án fún un. Owó gidi ni. Bí ó ti kà á tán ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Ó ní ọ̀dájú ènìyàn ni ẹni tó bá di owó oníṣòwò mú fún ọdún gbọọrọ, pé wọn kò bẹ̀rù Ọlọ́run, pé wọn kò rò ó pé ẹni yẹn ní ìyàwó àti ọmọ. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa bí ó ti ń sọ ọ́. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Mo gbé oúnjẹ fún un, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá Sàfì, ẹ kú oríire. Ọ̀rọ̀ owó mi yẹn náà ni. Ṣọ́ọ̀bù Dosu kò ní dúró dè mí."

Ó bu omi mu. Ó ní, "Ìyá Sàfì, mo ti ro ọ̀rọ̀ gbèsè mi dáadáa. Gbèsè Ọlọ́run ló ṣáájú. Mẹ́kà ni mo ń lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ọlọ́run ṣe yá a lówó. Ní àkókò tí owó pọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta yanrìn lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì gbé eyín wúrà bọ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá jókòó, Alhaji níbí, Alhaji lọ́hùn-ún, tí ó bá kan ọkọ mi, wọ́n á ní, "Mùkáílà, bá wa gbé omi yẹn." Gbèsè Ọlọ́run tó ń sọ nìyẹn. Èèyàn a máa fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ti ọkọ mi yàtọ̀: ẹ̀tẹ̀ ń bẹ lára, eyín ni ó fẹ́ lọ ṣe.

Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà ní láti san gbèsè ọrùn rẹ̀, kí ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ṣẹ̀. Mùkáílà fo àkọ́kọ́, ó di èkejì mú. Dúródọlá nìkan ni ó san tiẹ̀ fún pátá, nítorí họ́ọ̀nù. Fún àwọn yòókù, ó kó Àfáà Sirajudeen àdúgbò wa àti àwọn àgbà méjì lẹ́yìn, ó wọ aṣọ funfun, ó ní kí èmi náà máa bọ̀ kí ó lè wuyì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé.

A dé ọ̀dọ̀ Zinsu ní Kankon, ó ń fá pákó lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti pé jọ kí a tó jókòó. Mùkáílà ní, "Zinsu, ilé Ọlọ́run ń pè mí. Owó àga yẹn, Ọlọ́run mọ̀ pé n kò ní in. Mo mú àfáà wá bẹ̀ ọ́. Fi jì mí nítorí Ọlọ́run."

Zinsu wo àfáà, ó wo àwọn àgbà, ó wo àwọn tó ń wò ó. Ta ni yóò sọ lójú gbogbo ènìyàn pé òun di ẹnì kan lọ́wọ́ láti lọ sí ilé Ọlọ́run, nítorí owó àga? Ó gbọn ìfá pákó kúrò lára. Ó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá Sàfì, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó dáa. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ ò ní in náà nìyẹn. Mo fi jì yín. Mawu tó dá wa ń wò wá."

Àfáà ní, "Àmín." Ọ̀dọ̀ Sewanu ni a gbà lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni Mùkáílà sọ fún un. Obìnrin náà kàn mi orí, kò sì wo Mùkáílà, èmi ni ó ń wò. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ obì tí ó gbé fún wa. Mo mọ̀ pé ó yá obì náà ni.

Nígbà tí a délé, mo tún béèrè. Mo ní, "Bàbá Sàfì, ẹ ti tọrọ lọ́wọ́ gbogbo ayé. Tèmi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tìẹ kì í ṣe gbèsè, inú ilé ni. Ṣé ọwọ́ ọ̀tún a máa jẹ ọwọ́ òsì lówó?"

Mo bi ara mi lọ́jọ́ náà pé nínú ọwọ́ méjèèjì, èwo ni mí. Ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ òsì ni a fi ń nu ìdí, wọn kì í sì fi í gba ọrẹ. Inú bí mi gan-an, mo sì jẹ́ kí ó máa bí mi, n kò bẹ̀ ẹ́ kí ó rọlẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, tèmi sì ti bá mi dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi àdúà ìdágbére sí. Ní ọ̀la rẹ̀ ni Mùkáílà fẹ́ lọ sí Èkó láti lọ san owó ọkọ̀ òfuurufú, ó sì ti ra bẹ́líìtì aláwọ kan, irú èyí tó ní àpò, tí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà máa ń sán mọ́ ìdí. Gbogbo owó náà wà nínú rẹ̀ lábẹ́ jálàbíà. Ó ń rìn bí aboyún, ọwọ́ kò kúrò níbẹ̀. Èrò pọ̀ lágbàlá wa. Àwọn Alhaji eléyín wúrà jókòó níwájú. Zinsu wà lẹ́yìn, Sewanu wà pẹ̀lú àwọn obìnrin. Òun ni ó gbé ẹja tí a fi se ọbẹ̀ ọjọ́ náà wá, láwìn.

Àfáà ṣe wáàsí, ó bi ìjókòó pé ṣé wọ́n ti yọ̀ǹda arákùnrin yìí. Gbogbo wọn ní àwọn ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ó wá kàn mí. Níbi tiwa, ìyàwó ni wọ́n ń bi gbẹ̀yìn, àfáà kì í sì pa àdúà dé láìgbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí ẹni tó ń bá ni gbé ló mọ ìwà ẹni. Kò sí ẹni tó ń retí èsì gidi. Ọwọ́ àwọn kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì.

Àfáà ní, "Ìyá Sàfì, ẹ ti yọ̀ǹda ọkọ yín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní, "Rárá, àfáà. N kò tíì yọ̀ǹda wọn."

Ọwọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì. Mùkáílà yíjú sí mi, ó ní, "Kí lo wí?"

Àfáà ni mo kọjú sí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Owó tí obìnrin fi òógùn rẹ̀ rí, nínú ẹ̀sìn wa, ti ta ni?"

Àfáà Sirajudeen ti jẹ oúnjẹ ọkọ mi púpọ̀, mo sì rí i pé ó wá ọ̀nà tí yóò gbà yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àfáà méjì láti Badagry wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fetí sí i. Ó wúkọ́. Ó ní, "Ti obìnrin náà ni. Ọkọ kò ní in."

"Bí ọkọ bá yá a ńkọ́?"

"Gbèsè ni. Ó gbọ́dọ̀ san án, àfi tí ìyàwó bá fi jì í."

"Ẹgbẹ̀ta náírà ni wọ́n yá lọ́wọ́ mi. N kò fi jì wọ́n. Mo fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù, òní sì ni ọjọ́ pé."

Arábìnrin ọkọ mi kan ní, "Ìyàwó wa, ṣé bó ṣe yẹ kí ẹ ṣe nìyí lójú àlejò?" Mo ní ojú àlejò náà ni wọ́n ti ń gba àforíjì láti ọjọ́ yìí. Àwọn obìnrin kan fi ìborùn bo ẹnu.

Ohun tó yẹ kí Mùkáílà ṣe kò le. Kí ó wọ yàrá lọ, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó ka owó mi, kí ó gbé e jáde. Aṣiwèrè pàápàá á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn eléyín wúrà ń wò ó, ó sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹgbẹ̀ta náírà kò tó nǹkan lójú òun. Ó dìde sáàárín agbo, ó ká jálàbíà sókè, ó tú bẹ́líìtì náà, ó sì dà á sórí ẹní. Owó kún ẹní. Ó ka tèmi, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Gbà. Ṣé torí èyí lo ṣe ń dójú tì mí?"

Mo ṣà á, mo kà á, ó pé. Mo ní, "Àfáà, mo ti yọ̀ǹda wọn. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wọn."

Àfáà gbé ọwọ́ sókè láti pa àdúà dé. Zinsu dìde lẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ má bínú, àfáà. Èmi kì í ṣe mùsùlùmí, mo fẹ́ béèrè ni. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ wà níbẹ̀, Bàbá Sàfì ní Ọlọ́run mọ̀ pé àwọn ò ní in. Mo ní bí wọn ò bá ní in, mo fi jì wọ́n. Owó wo wá ni èyí?"

Àfáà wo ẹní. Gbogbo ènìyàn ń wo ẹní. Mùkáílà bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó náà padà, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì náà kò gbà á bí ó ṣe gbà á tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àfáà Badagry ni ó dáhùn. Ó ní, "Àforíjì tí a fi irọ́ gbà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀."

Zinsu bọ́ síwájú, ó tẹ́wọ́. Sewanu tẹ̀ lé e, ó sì ní kí wọ́n ka ti ẹja òní mọ́ ọn. Ìgbà náà ni mo mọ iye ènìyàn tí ọkọ mi jẹ lówó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìde, ẹni tó ń ta táyà, ẹni tó ń ta aṣọ, àwọn tí n kò mọ̀ rí. Ọ̀kan nínú àwọn Alhaji eléyín wúrà pàápàá wúkọ́, ó ní òun kò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n tò tán, tí ó sì san fún gbogbo wọn, àfáà yára ka Fátíà, nítorí ìrẹsì ti ń tutù.

N kò dúró jẹun. Mo di owó mi mọ́ abẹ́ ìró, mo gba ọ̀nà títì lọ. Inú mi dùn, n kò ní purọ́, ó sì ń dùn mí pẹ̀lú, nítorí pé ọkọ mi ni, mo sì ti rí ojú rẹ̀ nígbà tí bẹ́líìtì náà fẹ́lẹ́. Mọ́tò kan ń bọ̀ láti apá Badagry nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré lẹ́yìn mi. Mùkáílà ni, jálàbíà rẹ̀ ti dọ̀tí létí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó ní, "Tọ̀yìbá mi." Ohùn tó lò ní ìdí ààrò lọ́jọ́sí ni ó tún lò. "Ohun tó kù lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi dé Mẹ́kà. Ẹgbẹ̀ta yẹn ló kù. Yá mi. Mo fi Ọlọ́run búra, bí mo bá ti dé báyìí, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ san fún. Ìwọ ni àkọ́kọ́. N kò ní san ti ẹnikẹ́ni ṣáájú tìẹ."

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń retí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀. Mo wò ó bí ó ti dúró, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sí mi. Ká ní ó sọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Mo ní, "Bàbá Sàfì, ẹ padà sílé, àwọn àlejò yín ń dúró."

Mọ́tò dúró, mo wọ̀ ọ́, mo sọ fún awakọ̀ pé Ìjànìkín ni mo ń lọ, mo sì san owó ọkọ̀ mi kí ó tó béèrè.